Ta Ni Yóò Máa Gún Ìyá Lábẹ́rẹ́?

Bí dókítà bá ti ní kí aláìsàn máa lọ sílé, iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí nìyẹn. Èmi nọ́ọ̀sì ni mo máa ń bèèrè ta ló wà nílé, bí àtẹ̀gùn ibẹ̀ ṣe ga tó, àti ta ni yóò máa rántí oògùn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbé aláìsàn dé wọ́ọ̀dù ni mo ti máa ń bèèrè, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì máa ń pè mí ní aláṣejù lẹ́yìn. Wọn ò parọ́. Opó tí kò bímọ ni mí, kò sẹ́ni tó ń dúró dè mí nílé, ilé onílé ni mo wá ń rò.

Ìyá kan wá sí wọ́ọ̀dù wa láti agboolé kan ní Ẹnu Ọ̀wá. Àìsàn ṣúgà ló ń bá a jà, yóò sì máa gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ tó bá délé. Ó ní òun ò lè fi irin gún ara òun láéláé. Ọkọ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín. Télọ̀ ni bàbá náà, ọjà Balógun ló ti ń rán léèsì látìgbà tó ti Ìjẹ̀bú dé, ó ní abẹ́rẹ́ kì í ṣe àlejò lọ́wọ́ òun. Mo fún un ní ọsàn kan kó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún un. Lọ́jọ́ kejì, odindi àpò ọsàn ló gbé wá, ó ti gún gbogbo wọn tán. Ìyá ní òun ò jẹ ọsàn tó ti gbabẹ́rẹ́, gbogbo wọ́ọ̀dù sì bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, bàbá ò wá. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló wá lọ́jọ́ kejì, ó pè mí sí kọ̀rọ̀. Bàbá ti kú sórí ìjókòó ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ti sin ín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ náà. Ó ní a ò gbọdọ̀ túfọ̀ fún Ìyá lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Tó bá délé, ẹbí yóò sọ fún un. Mo mọ àṣà náà, mi ò bá a jiyàn. Mo kàn bi í pé ta ni yóò máa gún un lábẹ́rẹ́. Ó ní agboolé kún. Mo ní kó dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Ó ní àwọn tó ń lọ sí ọjà Òkè Àrin máa ń ti jáde kílẹ̀ tó mọ́, àwọn tó kù sì jẹ́ ọmọdé.

Títí di ọjọ́ Àìkú ni Ìyá ń bi mí ìdí tí ọkọ òun kò fi wá. Mo ní bóyá iṣẹ́ pọ̀. Ó dùn mí gan-an, mi ò sì rẹ́ni sọ ọ́ fún.

Nígbà tí àbúrò ọkọ padà wá, mo ní mi ò ní jẹ́ kí obìnrin yìí lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí àtẹ̀gùn ilé wọn pẹ̀lú ṣúgà lára. Ó bínú, ó ní ta ló pè mí sí ọ̀rọ̀ ẹbí. Mo rán an létí pé àtọjọ́ tí bàbá ti kú ni ìdúró opó Ìyá, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ̀sìn là sílẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ó ń retí ọkọ lọ́wọ́. Mùsùlùmí ni, ó mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ. Ó bá mi lọ síbi bẹ́ẹ̀dì.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún Ìyá. Ìyá ní “Ìnnà lilláhi,” bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sì sunkún. Àbúrò ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ilé kún, kò ní dá wà. Ìyá gbé ọwọ́ sókè dá a dúró, ó kọjú sí mi.

“Nọ́ọ̀sì, gbé abẹ́rẹ́ yẹn wá. Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹni tí kò lẹ́nì kan.”

Mo jókòó tì í. Ó fọwọ́ ká awọ ikùn rẹ̀, ó gbé abẹ́rẹ́ náà sí i, ó sì dijú pinpin.

“Ẹ lajú, Ìyá,” ni mo wí. “Kò sẹ́ni tó máa bá yín wò ó.”

Ó lajú, ó sì gún un.