Ọjọ́ Tí Mo Gbé Àpótí Ìyá Sọdá Títì

Ẹ̀yin ará mi, ẹ fìdí lélẹ̀ díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lẹ́bàá títì Ẹ̀gbẹ́dá, lọ́dún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì, kí wọ́n bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ rántí? Ọmọdé tí kò bá rántí, kó bi ìyá rẹ̀ léèrè!

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kọ́ ni mo fẹ́ sọ o. Ọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe ń tẹ́tí sí Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wà níbẹ̀, àpótí ìjókòó wà níbẹ̀, Làmídì fọkanáísà náà wà níbẹ̀. Ẹ ní sùúrù, kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa kí n tó lọ́kọ. Káfíńtà ni ọkọ mi. Ṣọlá lorúkọ rẹ̀, òun nìkan ṣoṣo sì ni ìyá rẹ̀ bí. Inú ilé kan náà ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé. Ẹ ò rí ọkùnrin tó ń fi súfèé rẹ́ pákó! Láti ilé ìdáná ni mo ti máa ń mọ ibi tó bá iṣẹ́ dé: tí súfèé bá ń lọ geere, iṣẹ́ ń lọ, tó bá dákẹ́, ìṣó ti wọ́ nìyẹn.

Ni owó epo rọ̀bì bá dé. Gbogbo ẹnu ló ń sọ̀rọ̀ Wàrì. Wọ́n ní káfíńtà tó bá débẹ̀, àpò rẹ̀ á wú. A kò tíì gbọ́ igbe ọmọ nínú ilé wa nígbà yẹn. Ṣọlá ní òun náà á lọ, bó bá di Àjíǹde òun á dé, a ó sì kọ́ ilé tiwa. Kó tó lọ, ó fi ìrókò tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ kan àpótí ìjókòó fún ìyá rẹ̀. Èmi àti ìyá sìn ín dé títì.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó máa ń fi nǹkan rán awakọ̀ sí wa: mílíìkì alágolo, aṣọ, ìkíni. Nígbà tó yá, a ò rí nǹkan mọ́. Àjíǹde dé, Àjíǹde lọ. A ránṣẹ́ sí Wàrì, wọ́n ní ó ti kọjá sí Pọta. A béèrè ní Pọta, wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ mọ bí ilé ṣe ń rí nígbà tí súfèé bá kúrò níbẹ̀?

Ìyá ọkọ mi kò sunkún. Ó lọ sí àdúrà àárọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó padà dé, ojú rẹ̀ ń tàn. Ó ní òun gbọ́ ohùn, ó ní Ọlọ́run ní kí òun dúró dè é. Láti ọjọ́ náà, tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, á gbé àpótí rẹ̀, á lọ jókòó sábẹ́ igi ìṣin kan lẹ́bàá títì, lọ́wọ́ òsì, níbi tí bọ̀lẹ̀kájà tó ń bọ̀ láti Agége ti ń já èrò. Gbogbo ẹni tó bá sọ̀ ló máa ń wò lójú. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, èmi ni mo máa ń lọ mú un wálé.

Ìgbà mìíràn mo máa ń tètè débẹ̀, kí èmi náà lè wo ojú wọn. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́ fún yín? Bí ọkùnrin eléjìká gbọọrọ kan bá ti fẹ́ sọ̀, àyà mi á kọ́kọ́ já ná.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé Ọlọ́run bá ìyá sọ̀rọ̀, kò bá mi sọ. Ní ìjọ wa, ta ni kì í gbọ́ ohùn? Ti lágbájá, Olúwa sọ fún un báyìí; ti tàmẹ̀dò, Olúwa fi hàn án lọ́hùn-ún. Èmi ńkọ́? Mo gbààwẹ̀, mo kúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi bó, gbogbo rẹ̀ pa kẹ́kẹ́. Ṣé etí mi ló di ni, àbí wọn ò mọ orúkọ mi lọ́run?

Mo sì nílò ohùn náà gan-an ni! Ìyá Ìjọ, aya olùṣọ́-àgùntàn wa, ti pè mí pé ilé agbẹ̀bí ìjọ ní Ìbàdàn ń wá obìnrin tí wọ́n á kọ́ níṣẹ́. Ó ti rí bí mo ṣe máa ń dúró ti àwọn aboyún àdúgbò, ó ní ọwọ́ mi rọ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. Ẹ̀yin ará, ó wù mí débi pé mo máa ń lá iṣẹ́ náà lálàá. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ, ṣé kì í ṣe pé mo ti sọ ìrètí nù nìyẹn? Kí ni ayé á wí? Bí Ṣọlá bá dé tí kò bá mi nílé ńkọ́? Ìyá Ìjọ sì ti ní òun ò lè bá mi di àyè náà mú kọjá ìgbà tí àgbàdo tuntun bá jáde.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ ìyá. Ó ní, "Ìyàwó mi, ohun tí Ọlọ́run bá sọ fún ọ ni kí o ṣe."

Ọlọ́run kò sì sọ nǹkan kan fún mi!

Ibẹ̀ la wà tí ìjọba fi yí títì padà. Ọjọ́ Àjíǹde gan-an ló bọ́ sí. Rédíò ti ń pariwo rẹ̀ tipẹ́. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ Agége bẹ̀rẹ̀ sí í já èrò sí òdì kejì títì, níwájú ṣọ́ọ̀bù Làmídì tó ń lẹ táyà. Ìyá sì wà lábẹ́ ìṣin rẹ̀, kò mira. Ọkọ̀ á dé, ara ọkọ̀ á dí wa lójú. Kó tó ṣí, àwọn tó sọ̀ ti fọ́n ká. Ẹ̀yìn wọn nìkan la máa ń rí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Làmídì, mùsùlùmí òdodo, aláwàdà ènìyàn. Ó kígbe sí wa láti òdì kejì pé, "Ìyá Ṣọlá, ẹ sọdá síbí jàre! Ẹ̀yin ń dúró de ọmọ, èmi ń dúró de táyà tó jò. Ẹ jẹ́ ká jọ máa dúró!"

Ìyá ní, "Ibi tí Ọlọ́run fi mí sí nìyí, Làmídì. Kò tíì ní kí n dìde."

"Àbí Ọlọ́run ò gbọ́ rédíò ni?"

Ẹ̀rín bú mọ́ mi lẹ́nu. Ìyá wò mí, mo yáa pa ẹnu mi dé.

Ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ọkọ̀ Agége dúró, ó já èrò, ó ṣí. A rí ọkùnrin kan tó kọ ẹ̀yìn sí wa, eléjìká gbọọrọ, ó gbé àpò irinṣẹ́ káfíńtà kọ́ apá, ọwọ́ ayùn yọ síta. Ó ń súfèé.

Ìyá kígbe, "Ṣọlá!"

Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti bọ́ sí títì! Kì í ṣe pé kò wò o. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún, bí gbogbo wa ṣe máa ń wò láti kékeré. Ibẹ̀ mọ́ fónífóní. Àmọ́ ọwọ́ òsì ni lọ́rì ti ń bọ̀ nísinsìnyí.

N kò mọ bí mo ṣe fò. Ìró rẹ̀ ni mo rí dì mú. Mo fà á, àwa méjèèjì ṣubú sínú koríko tútù, gèlè rẹ̀ fò sábẹ́ táyà. Awakọ̀ náà yọrí síta, ó ní ṣé ìyá yìí fẹ́ kó bá òun ni! Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọkùnrin yẹn ti gbọ́ ariwo, ó sáré padà wá. Ẹ̀yin ará, òun kọ́. Ọmọkùnrin kan láti Ìṣẹ̀rí ni. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, ó ń kí ìyá kú ewu. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì di ojú rẹ̀ mú, ó wò ó títí.

Ó ní, "Ìwọ kọ́. Máa lọ, ọmọ mi. Ìyá tìrẹ náà ń retí rẹ."

Làmídì fi búta gbé omi wá, ìyá bọ́jú. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí rẹ̀.

Mo ní, "Màámi, ẹ má bínú. Kí ni Ọlọ́run sọ fún yín gan-an?"

"Ó ní kí n dúró dè é."

"Ṣé Ó dárúkọ igi ìṣin?"

Ìyá gbójú sókè wo igi náà.

"Ṣé Ó dárúkọ ọwọ́ òsì?"

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. "Rárá o. Èmi ni mo fi ìyẹn kún un. Mo rò pé bí mo bá dìde níbẹ̀, Ọlọ́run á ní mo ti gbàgbé ọmọ mi."

Mo gbé àpótí náà sórí. A wo òsì, a wo ọ̀tún, a tún wo òsì, a sọdá. Làmídì ti ń gbálẹ̀ dè wá, ó ń pariwo pé, "Ó ti gbọ́ rédíò o!"

Bí mo ṣe sọ àpótí kalẹ̀ ni ìyá di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ìyàwó mi, tìrẹ ńkọ́?"

"Tèmi kí ni, Màámi?"

"Àpótí tìrẹ. Ta ló sọ fún ọ pé bí o bá lọ sí Ìbàdàn, o ò dúró dè é mọ́? Gbé tìrẹ náà sọdá."

N kò gbọ́ ohùn kankan láti ọ̀run lọ́jọ́ náà. Ohùn ìyá ọkọ mi ni mo gbọ́, àti ariwo ẹ̀rọ tí Làmídì fi ń fẹ́ táyà. Ṣùgbọ́n ara mi rọ̀ wọ̀ọ̀, bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù. Kí àgbàdo tuntun tó jáde, mo ti wà ní Ìbàdàn.

Mo ti parí ẹ̀kọ́ náà. Ilé agbẹ̀bí ní Agége ni wọ́n gbé mi sí. Ṣọlá kò tíì dé. N ò ní parọ́ fún yín pé kò dùn mí mọ́. Bí mo bá gbọ́ súfèé, ọwọ́ mi ṣì máa ń dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé ohun tí Ọlọ́run sọ lọ́tọ̀, ohun tí àwa fi kún un lọ́tọ̀. Mo sì ti mọ̀ pé Ó lè máa ti ẹnu ẹni tí a jọ ń jẹun bá wa sọ̀rọ̀, kí a ṣì máa wo òkè.

Ìyá ṣì ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù Làmídì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń wọ ọkọ̀ láti Agége. Bí mo bá ti sọ̀, á wo ojú gbogbo èrò títí tó fi kan tèmi, á wá fò dìde, á kígbe pé, "Làmídì, ó ti dé! Ó ti dé o!"

Mo ṣì máa ń bojú wẹ̀yìn ná, bóyá ẹlòmíràn ló ń kí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wo ni Ọlọ́run bá yín sọ, kí lẹ sì ti fi kún un? Ẹ wá sọ tiyín fún mi, etí mi ti ṣí báyìí. Àmọ́ ẹ má wá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì o. Ẹnìkan ń dúró dè mí lọ́wọ́ ọ̀tún.