Wọ́n Sọ Ewé Ìyeyè ní Aporó

Bí ẹ bá dé Koko, àdúgbò wa ní Bouaké, tí ẹ béèrè Azeezah, ọmọ Alájà Sìdíkátù tó ń ta ẹ̀wà, wọn yóò kọ́kọ́ bi yín pé, "Azeezah eléku?" Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ìgbà tí a ti jọ ń lọ sí ilé-ìwé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, àdúgbò kan náà ni a sì jọ ń gbé títí di òní. Èmi Sèfíyátù ń ránṣọ, òun ń sin eku funfun ní yunifásítì. Nígbà mìíràn a máa ń bi ara wa pé ta ló jèrè ìwé nínú àwa méjèèjì.

Ohun tó ń ṣe kò ṣòro láti sọ. Àwọn àgbẹ̀ tó yí Bouaké ká ń fín oògùn koríko, oògùn náà ń bọ́ sínú ewébẹ̀, sínú kànga, sínú èèyàn. Azeezah á fi díẹ̀ nínú rẹ̀ fún eku ní làbó, yàrá ìwádìí wọn, á wá wo ohun tó fi ẹ̀dọ̀ wọn ṣe. Ó gbé àwòrán rẹ̀ wá fún mi lórí fóònù nígbà kan, mo ní kó gbé e kúrò, mo ń jẹun. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá ewé tó lè gba ẹ̀dọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyà náà. Ó dán púpọ̀ wò, ewé ìyeyè ló dáhùn. Eku tó bá ti ń mu omi ewé ìyeyè ṣáájú oògùn, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kì í bàjẹ́ tó ti èyí tí kò mu ún. Kì í bàjẹ́ tó ni mo wí o, n kò ní kì í bàjẹ́.

Ẹ̀rù máa ń tètè bà á, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Bí ó bá rí ẹni tó ń bu epo pupa nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ta oògùn koríko tẹ́lẹ̀, á dúró láàárín ọjà á máa bẹ onítọ̀hún. Á fọ tòmátì títí tòmátì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Túnmiṣe, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan èso kankan ní ìta kí ìyá rẹ̀ tó wò ó. Àwa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ìyá rẹ̀ gan-an ló sì ń ṣáájú wa.

"Àṣàkẹ́," ni Alájà á fi oríkì pè é, "o ti fọ tòmátì, o ti fọ ẹ̀fọ́. Afẹ́fẹ́ ńkọ́, ṣé o ti fọ ìyẹn?"

Àwa a sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, àwọn obìnrin àsálátù ní kí Azeezah wá sọ fún àwọn ohun tó ń fi eku ṣe, torí òkìkí rẹ̀ ti kàn. Ó jókòó síwájú wa, ó ń fi ìka wé etí ìbòrí rẹ̀. Yorùbá ilé ni Yorùbá rẹ̀. Ó lè fi í bẹ̀bẹ̀, ó lè fi í bú ẹni tó bá wá ìjà rẹ̀, ṣùgbọ́n Faransé ló fi kọ́ nípa ẹ̀dọ̀. Ó ní, "Ewé náà máa ń... ó máa ń jẹ́ kí..." Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ọ̀rọ̀ kò wá. Ìyá rẹ̀, tí inú rẹ̀ ti ń dùn láti òwúrọ̀, ràn án lọ́wọ́ láti ibi tó jókòó sí.

"Aporó," ni Alájà wí. "Ṣé aporó kọ́ lò ń wá?"

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí aporó jẹ́. Ohun tó ń pa oró ni. Bí aporó bá wọlé, oró ti kú nìyẹn. Azeezah ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, Màmá," ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ìyá ti ń pè é ní aporó Azeezah, wọ́n ti gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ń ṣàdúà fún un, àmín sì bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ta ni yóò máa bá àdúà jà ní Koko? Ó dákẹ́. Hàúwà, tí a mọ̀ sí Ìyá Roqeeb, tó máa ń wá ra ẹ̀wà lọ́wọ́ Alájà lọ tà ní Botro, já ewé ìyeyè kún àpò kó tó wọkọ̀ padà sílé.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tó dá kún wàhálà náà, ọ̀rọ̀ tí kò jọ ọ̀rọ̀ rárá. Oògùn ni. Lẹ́nu tiwa, èyí tí à ń mu fún ibà, oògùn ni. Èyí tí àgbẹ̀ ń fín sí koríko, oògùn ni. Hóró tí àwọn ẹlẹ́wà ń tẹ̀ sínú àpò kí kòkòrò má baà jẹ ẹ̀wà wọn, òun náà, oògùn ni. Hóró yìí ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí ọ̀rinrin bá ti kàn án, èéfín tí ojú kò rí á máa jáde lára rẹ̀, á máa rùn bí áyù tó ti bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àṣà àwọn ẹlẹ́wà wa pé bí wọ́n bá ti fi hóró sí ẹ̀wà, wọ́n á ti yàrá náà pa, gbogbo ilé á sì kó ẹní lọ sùn sí ilé ẹlòmíràn títí òórùn á fi lọ. Ọdọọdún ni Alájà ń kó ẹní rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, tí á sì máa rí ẹ̀sùn fi kan ọbẹ̀ mi. Lọ́dún yìí, n kò rí i.

Azeezah wà ní Brobo lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ fi hóró sí ẹ̀wà, òun àti Marcel, ọmọ ẹ̀yà Baoulé tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní làbó. Wọ́n ń já ewé. Òjò ti ṣú bolẹ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Àṣàkẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí, "a ti fi oògùn sí ẹ̀wà o."

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ṣé ẹ ti wà lọ́dọ̀ Sèfí?"

"Kí n lọ ṣe kí ni lọ́dọ̀ Sèfí? Mo ti mu aporó rẹ. Mo fún Túnmiṣe náà mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tu ìdajì rẹ̀ sí mi láṣọ. Òjò ti ń bọ̀, mo ti ti gbogbo fèrèsé. A fẹ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀."

"Màmá, ẹ jáde. Ẹ gbé ọmọ náà, ẹ jáde báyìí."

Kò gbọ́ èsì. Ó wo fóònù, kò sí rẹ́sò tó lè gbé ìpè mọ́.

Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé apẹ̀rẹ̀ ewé bọ́ lọ́wọ́ òun, òun kò sì mọ̀ pé ó bọ́. Ohun tí eku rẹ̀ mu kọ́ ló wà nínú yàrá ẹ̀wà yẹn. Oògùn koríko ló ti ń dán wò láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló ń wò. Èéfín hóró kì í dúró de ẹ̀dọ̀. Inú àyà ló ń gbà wọlé, ọkàn ló ń lọ bá. Ó mọ̀ pé ògiri yàrá ẹ̀wà kò kan òrùlé, àti pé yàrá tí ìyá rẹ̀ ń sùn ló fara tì í. Òjò á sì mú ọ̀rinrin wọlé. Bí òjò ṣe ń pọ̀ ni hóró yóò máa mí. Ó mọ gbogbo rẹ̀, ìmọ̀ náà kò sì jẹ́ kó lè dúró.

Marcel fi ọkọ̀ sáré bí ó ti lè sáré tó lójú ọ̀nà tí omi ti bò. Azeezah ń tẹ fóònù, fóònù ń sọ ohun kan náà fún un. Ó ń ṣi nọ́ḿbà ìyá rẹ̀ tẹ̀, nọ́ḿbà tó ti mọ̀ sórí láti kékeré.

"Mí, Azeezah," ni Marcel fi Faransé sọ fún un. "Rọra máa mí."

"Mímí yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù," ni ó dá a lóhùn.

Nígbà tí wọ́n fi máa rí àwọn ilé àkọ́kọ́ ní Bouaké, rẹ́sò padà. Ìyá rẹ̀ kò gbé fóònù. Ó pe èmi.

"Sèfí, sáré lọ sílé wa. Fọ́ ilẹ̀kùn bí wọn ò bá ṣí i. Di èémí rẹ kó o tó wọlé. Gbé ọmọ mi jáde, gbé ìyá mi jáde."

N kò bi í léèrè ohunkóhun, nítorí n kò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo ju aṣọ oníbàárà sílẹ̀, mo sáré wọnú òjò láìwọ bàtà. Ẹ̀rù bà mí. Mò ń sáré, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí n má dé ibẹ̀ bá òkú.

Túnmiṣe ni mo kọ́kọ́ rí. Ó dúró sí àgbàlá ní ìhòòhò, ó la ẹnu sí ojú ọ̀run, ó ń mu òjò. Mo gbá a mú, mo béèrè ìyá àgbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ìyá àgbà ń sùn, ó ní ìyá àgbà sọ pé bí àwọn bá jí, òun Túnmiṣe á tún mu omi ewé, òun kò sì fẹ́, nítorí ó kan lẹ́nu. Ó ti dọ́gbọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sá jáde. Ohun kan ṣoṣo tí aporó yẹn ṣe fún un nìyẹn. Ó lé e jáde kúrò nínú ilé.

Òórùn áyù pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo fi gèlè di imú, mo wọlé. Alájà wà lórí ibùsùn, ó ti bì sára, ojú rẹ̀ là ṣùgbọ́n kò wò mí. Mo wọ́ ọ bí ẹni wọ́ àpò ẹ̀wà, mo wọ́ ọ títí dé abẹ́ òjò. Ibẹ̀ ni Azeezah bá wa. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ lórí, láyà, lẹ́sẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó gbé etí lé e láyà.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí Alájà nímú, wọ́n so okùn mọ́ ọn láyà. Wọ́n yẹ Túnmiṣe wò, wọ́n ní kó jókòó sọ́dọ̀ wọn kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Dókítà gbọ́ orúkọ hóró náà, ó mi orí. Ó fi Faransé sọ fún Azeezah pé àwọn á máa ran ọkàn náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí aporó fún un. Alájà gbọ́ Faransé ọjà. Ó ṣí ojú.

"Ó ní kò sí kí ni?"

"Ó ní kò sí aporó, Màmá."

"Tìrẹ ńkọ́? Bu tìrẹ wá fún mi."

Azeezah di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Mo dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn. "Tèmi kì í ṣe aporó, Màmá. Kò jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ewé ni."

Alájà wò ó títí. "Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ," ni ó wí.

"Èmi ni mo dákẹ́ nígbà tí ẹ sọ ọ́."

Òjò ṣì ń lu páànù. Marcel wà lójú fèrèsé, ó ní òjò náà ti ń gba ọ̀nà Botro lọ. Kò mọ ohun tó sọ. Alájà ló mọ̀ ọ́n. Ó gbìyànjú láti dìde, okùn fà á padà.

"Hàúwà," ni ó wí. "Àṣàkẹ́, pe Hàúwà. Lónìí ló ní òun náà máa fi oògùn sí ẹ̀wà."

Azeezah tẹ nọ́ḿbà náà, ó jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́ ọ. Fóònù dún títí, mo rò pé kò ní sí ẹni tó máa gbé e. Lẹ́yìn náà, a gbọ́ ohùn Ìyá Roqeeb, ó ń yọ̀.

"Azeezah ọmọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí o jèrè Túnmiṣe. A ti mu aporó rẹ tán, èmi àti gbogbo àwọn ọmọ. Mo ti kó wọn wọlé, òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Ilẹ̀kùn ni mò ń tì lọ́wọ́ yìí."

"Ẹ má tì í. Ìyá Roqeeb, ẹ kó àwọn ọmọ jáde. Ẹ kó gbogbo wọn jáde kúrò nínú ilé yẹn báyìí."

"Sínú òjò? Kí ló dé, ṣé aporó náà kò dáa ni?"

Mo wo Azeezah. Ó ń wá ọ̀rọ̀ bí ó ti wá a lọ́jọ́ àsálátù, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò wo òkè, kò sì wo ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń wò.

"Kò sí aporó, Ìyá Roqeeb. Májèlé nìkan ló wà níbẹ̀."

A gbọ́ tí nǹkan ṣubú, a gbọ́ tí ilẹ̀kùn ń dún, a gbọ́ tí Ìyá Roqeeb ń pe orúkọ àwọn ọmọ. Alájà ti di ojú, ó di ọwọ́ Azeezah mú. Lẹ́yìn náà ni ariwo òjò kún inú fóònù, a sì gbọ́ ọmọdé kan tó ń sunkún kíkan láàárín rẹ̀ pé omi tutù, òun fẹ́ padà sínú ilé.