Àgbàdo Tí Ìyá Àgbà Fi Ránṣẹ́

Àdùkẹ́ Olúfúnmiláyọ̀, ọmọ Ọwá, ọmọ onílé obì, àbúrò mi! Mo ṣí garawa àgbàdo láàárọ̀ yìí, òórùn tó jáde gbé mi padà sí ilé wa ní Oregbeni, ní ìlú Benin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan níbẹ̀, à ń ṣa àgbàdo tí Ìyá àgbà fi ránṣẹ́ láti Iléṣà. Òjò ti pa á nínú ọkọ̀ Bọ̀dá Làmídì tó gbé e wá. Ó ti bu, irun aláwọ̀ ewé bò ó.

O pariwo, "Mama, dis corn don grow beard o!"

Màmá rẹ́rìn-ín. "Irùngbọ̀n bàbá ẹ ló jọ. Ẹ fọ̀ ọ́ jàre. A kì í da oúnjẹ ilé nù. Tó bá dé orí iná, gbogbo ẹ̀ á kú."

Àwọn adìyẹ tó ti ń jẹ èyí tí a ṣà sọnù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú lójú wa. Màmá ní àrùn adìyẹ ni.

Ògì rẹ̀ korò lẹ́nu mi, ìwọ ni mo ń bu tèmi fún lójoojúmọ́. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé iná kì í pa oró inú oúnjẹ tó ti bu.

Ojú rẹ pọ́n bí epo, ikùn rẹ wú. Dókítà ń béèrè ohun tí o jẹ. Ẹ̀rù bà mí, n kò sọ fún un pé ìwọ ni mo ń bu ògì tèmi fún.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sin ọ́.