Apá Ni Mo Wò, Mi Ò Wo Ọkàn

Mo ń ká báńdéèjì tí a ti fọ̀ tí a sì sá sóòrùn lọ́wọ́, nígbà tí alùpùpù kan gbé Ìyá Sàfúrà dé láti Lougba. Ọdún kẹfà mi nìyẹn gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Bantè, ní ilẹ̀ Benin, láàárín àwọn ọdún 1990. Ìyá náà ń gbá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni, ó yọ̀, ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ọrùn ọwọ́ sì kán. Irú ìṣubú tí ọmọdé ì bá dìde níbẹ̀ kó máa sáré lọ ni.

Nígbà náà, aláboyún àti ẹni tí orí ń fọ́ nìkan là ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fún. Ẹni tó bá kán léegun, a ó fi igi pẹlẹbẹ àti báńdéèjì dè é, a ó ní kó máa lọ bá bàbá tó ń to eegun. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ìyá yìí ń mí hẹlẹ. Mo gbé àpótí ẹ̀rọ ìfúnpá sọ̀ kalẹ̀.

“Màmá, ṣé àyà ń dùn yín ni?”

“Ọwọ́ ló kán, o ń bèèrè àyà! Àbí àyà ni mo fi ń gbálẹ̀?”

Gbogbo àwọn aláìsàn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Mo dá àpótí náà padà.

Ọwọ́ náà ń jinná dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó jókòó ti Sàfúrà, ọmọ rẹ̀, tó ń bó iṣu. Ó di àyà mú, ó sì ṣubú. Kí wọ́n tó rí alùpùpù, ó ti kú.

Nígbà tí mo lọ kó oògùn àjẹsára ilé ìwòsàn wa ní Savalou, mo bi dókítà kan léèrè ọ̀rọ̀ náà. Ó ní bí ìṣubú kékeré bá ṣẹ́ eegun obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá, kí a má wo eegun nìkan. Bí eegun irú wọn ṣe ń fúyẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn a máa le, èyí sì ń yọ ọkàn lẹ́nu.

“Kì í ṣe gbogbo wọn o,” ó ní, “ṣùgbọ́n ẹ máa wọn ìfúnpá wọn.”

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wọn ìfúnpá gbogbo ẹni tó bá kán léegun. Ọ̀gá wa a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ewúrẹ́ bá kán lẹ́sẹ̀, n ó wọn tiẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ó ku Sàfúrà. Mo lọ sí Lougba, mo jókòó sórí ẹní rẹ̀, mo sọ bí mo ṣe gbé ẹ̀rọ náà sọ̀ kalẹ̀ àti bí mo ṣe dá a padà nítorí ẹ̀rín. Mi ò ní kó dárí jì mí. Mo kàn fẹ́ kó mọ̀ ni.

“Àǹtí,” ó ní, “láti oṣù Ààwẹ̀ ni màámi ò ti lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, èémí a máa há mọ́ ọn. Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni.”