Bí Màmá Mi Ṣe Rìn Létí Odò Ọya

Etí odò Ọya ní Lọ́kọ́ja máa ń rùn láàárọ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ẹrẹ̀ tútù, èéfín ẹja tí wọ́n ń yan, epo bẹntiróòlù inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, gbogbo rẹ̀ á dà pọ̀, á sì lẹ̀ mọ́ èèyàn láṣọ títí di ọ̀sán. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti tẹ́jú jù lọ nílùú wa. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó tẹ̀ lé bèbè odò, kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò ní kòtò, àwọn igi máńgòrò sì ṣíji bò ó níbi tó pọ̀. Arúgbó lè rìn ín, aboyún lè rìn ín, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ibùsùn àìsàn náà lè rìn ín. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ màmá mi fi yan ibẹ̀ fún wa. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, torí mo rò pé iṣẹ́ tó rọrùn ni wọ́n gbé fún mi.

Olùkọ́ ni màmá mi. Lọ́kọ́ja níbí ló ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, tó sì padà sílùú wa ní ilẹ̀ Yàgbà lọ máa gbé inú ilé tí òun àti bàbá mi kọ́. Bàbá ti kú nígbà náà, òun nìkan ló ń gbébẹ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni àrùn rọpárọsẹ̀ rọra kàn án lára. Ẹnu rẹ̀ kò yẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì kọ̀, ó wúwo, ó ń wọ́ nílẹ̀. Mo lọ gbé e wá sílé mi ní Lokongoma, ní Lọ́kọ́ja níbí. Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti ń béèrè ìgbà tí yóò padà. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ní kò lè padà, pé ẹni tó ń di ògiri mú kó tó dé ilé ìwẹ̀ kò lè dá gbé. Dókítà ló wá là wá níjà. Ó ní òun máa fún un ní àkókò díẹ̀. Tó bá lè rin ọ̀nà etí odò yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lójú òun, láìdi ẹnikẹ́ni mú, kí a jẹ́ kó máa lọ sílé rẹ̀. Tí kò bá lè rìn ín, kó gba kámú, kó máa bá mi gbé. Màmá gbà lójú ẹsẹ̀, èmi náà sì gbà láti máa mú un rìn láràárọ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń pe ilé mi ní ilé yín.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni ìkíni. Ìwọ náà kúkú mọ̀ wá, àwa ará Okun tí wọ́n fi ìkíni wa sọ lórúkọ. Ní ti màmá mi, èèyàn kì í ju ìkíni síni kó máa lọ. Á dúró, á kọjú sí ẹni náà dáadáa, á ní, “Okun o,” á béèrè bó ṣe sùn, á béèrè àwọn ọmọ, á béèrè àna tó ń ṣàìsàn lóṣù tó kọjá. Ìyàwó Ígálà kan ń yan ẹja níbi tí ọ̀nà náà ti fẹ́ ẹ̀ dé ìdajì, màmá mi ló kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ níwèé. Baba Núpé kan ń tún àwọ̀n ṣe níwájú díẹ̀ sí i, màmá mi gbọ́ èdè rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Bí wọ́n bá ti rí i lókèèrè báyìí, kíá, wọ́n ti dìde, wọ́n ti sáré wá pàdé rẹ̀, ìyàwó elẹ́ja á gbé àpótí ìjókòó dání. Màmá á jókòó. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Èmi á máa wo aago ọwọ́ mi, nítorí mo níṣẹ́ ìjọba tí mò ń lọ, ọ̀gá mi kò sì mọ ẹja yíyan.

Ìyẹn tún kéré sí ti àwọn ọlọ́kọ̀. Ọ̀nà yẹn kò jìnnà sí títì, o sì mọ bí ìlú yìí ṣe rí. Àgbàlagbà tí wọ́n bá rí tó ń fẹsẹ̀ rìn, mọ́tò rẹ̀ ló bàjẹ́ tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ ti pa á tì. Kò sẹ́ni tó máa rò pé ìrìn ló wù ú ó rìn. Oníkẹ̀kẹ́ á dúró, á ní, “Mama, enter make I drop you.” Ẹni tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé á dúró. Ẹnì kan tó ń kó bíríkì lọ sí Felele pàápàá dúró rí, ó ní kí màmá wá jókòó níwájú. Màmá á sì wọlé! Gbogbo ìgbà! Ó ní ẹni tó bá tẹ bíréèkì nítorí ẹni ti bọ̀wọ̀ fúnni, ẹni tó bá kọ̀ fún un ti sọ pé ọkọ̀ rẹ̀ kò dára tó. Wọ́n á gbé e dé òpin ọ̀nà. Tí mo bá fẹsẹ̀ débẹ̀ pẹ̀lú òógùn, màá bá a tó jókòó pẹ̀sẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀pà tí ẹnì kan fún un. Èmi ni mo ń rin ìrìn náà. Ẹsẹ̀ tèmi ló ń le sí i.

Mo bá a sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ń ro mí. Mo ní ṣé kò fẹ́ lọ sílé mọ́ ni. Ó wò mí bí ìgbà tí mo wà ní kíláàsì rẹ̀, ó ní, “Ṣé kí n wá kọ̀ fún un ni? Mo kọ́ bàbá rẹ̀ níwèé.” Mo pe àbúrò mi lórí fóònù kí n rí ẹni bá mi kẹ́dùn, ó bú sẹ́rìn-ín, mo pa fóònù náà mọ́ ọn létí. Ọjọ́ tí dókítà dá ń sún mọ́lé, ẹsẹ̀ ṣì ń wọ́.

Mo wá pinnu pé tó bá jẹ́ èèyàn ló ń dí wa lọ́wọ́, màá gbé e lọ síbi tí kò séèyàn. Lọ́jọ́ Sátidé kan mo fi mọ́tò gbé e lọ sísàlẹ̀ òkè Patti, níbi tí igi ti dí, tí ọ̀nà tóóró kan sì gba àárín wọn kọjá kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ibẹ̀ tutù, ewé gbígbẹ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹyẹ ń ké. Kò sí mọ́tò, kò sí ẹlẹ́ja. Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ. Màmá gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó sì fara ti igi kan. Ó bi mí pé, “Ta ni mò ń rìn lọ bá?” Mo ní kò sẹ́nì kankan, pé ohun tó gbé wa wá síbẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó jókòó sórí òkúta. Mo bẹ̀ ẹ́, mo lérí, mo rán an létí ilé rẹ̀ ní Yàgbà, kò dìde. Ó ní ẹsẹ̀ ti rẹ òun. Bí a ṣe ń wakọ̀ padà, inú bí mi débi pé omi ń bọ́ lójú mi.

Ibi tí mo ti ń fọ abọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà ni ìbéèrè màmá, pé ta ni òun ń rìn lọ bá, ti padà bá mi. Mo rántí pé létí odò, ọwọ́ mi ni màmá máa ń dì mú gírígírí bí a bá bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti fojú kan ìyàwó elẹ́ja lókèèrè, á jọ̀wọ́ ọwọ́ mi láìmọ̀, á sì gbé ẹsẹ̀ gan-an. Kó tó rìn jìnnà ni ìyẹn á ti sáré pàdé rẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èmi nìkan lọ síbẹ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo lọ bẹ ìyàwó elẹ́ja àti baba aláwọ̀n pé bí màmá bá ń bọ̀, kí wọ́n má dìde. Kí wọ́n jókòó síbi iṣẹ́ wọn, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá wọn.

Ká ní mo ní kí wọ́n gbá ìyá mi létí, ojú tí wọ́n fi wò mí ì bá má burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàwó elẹ́ja ní, “Mama go dey come, I go siddon dey look am?” Ó ní kí lèmi náà jẹ́ gan-an, ṣé ọmọ tó bí ni mí. Mo ṣàlàyé títí, mo ní oògùn ni, dókítà ló kọ ọ́. Nígbà tó gbọ́ oògùn ló tó rọ̀. Baba aláwọ̀n gbà, ṣùgbọ́n ó ní odò ni òun yóò máa wò, kó lè jẹ́ pé òun kò rí i nígbà tó ń bọ̀.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, màmá dúró lókèèrè, ó ń retí, kò sẹ́ni tó dìde. Ó bi mí pé kí ni mo ṣe fún wọn. Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan. Ó ní àwọn èèyàn yìí ti gbéra ga, àbí ara wọn ni kò yá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ wò wọ́n. Mo wo ìyàwó elẹ́ja: ó ti ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan rẹ̀ kó má bàa fò dìde, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́. Màmá ń ráhùn pé ìwà ti bàjẹ́ ní Lọ́kọ́ja, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń fúyẹ́. Ti àwọn ọlọ́kọ̀ nìkan ló kù, n kò sì lè lọ bẹ gbogbo ìlú.

Ọjọ́ dókítà pé. Ó lọ dúró ní òpin ọ̀nà, níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra. Màmá bẹ̀rẹ̀, èmi ń tẹ̀ lé e láìfọwọ́ kàn án. Ó kí ìyàwó elẹ́ja lórí ìdúró, ó kọjá. Ó kí baba aláwọ̀n, ó kọjá. A ti ń rí dókítà kedere nígbà tí jíìpù ńlá kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọ̀gá kan níléeṣẹ́ ìjọba ló wà nínú rẹ̀, ọmọ kíláàsì màmá látijọ́. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú aṣọ funfun tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sórí eruku, ó dìde, ó sì ṣílẹ̀kùn. Ó ní màmá kò gbọdọ̀ máa fẹsẹ̀ rìn nígbà tí òun wà láyé.

Mo mọ ohun tí màmá máa ṣe, mo ti rí i tó ṣe é lójú mi fún ẹni tí kò tó ọkùnrin yìí. Mo fẹ́ pariwo. Màmá wo ilẹ̀kùn tó ṣí náà. Ó béèrè ìyàwó ọkùnrin náà, ó béèrè ìyá rẹ̀. Ó wá ní, “Ọmọ mi, má bínú sí mi. Ilé mi ni mò ń lọ, ẹsẹ̀ yìí ni wọ́n sì ní kí n fi débẹ̀.”

Ọkùnrin náà kò lóye ohun tó ń sọ, ó wò mí. Màmá tún tọrọ àforíjì bí ẹni tó jí nǹkan ẹlòmíràn, omi sì lé sí i lójú, torí nǹkan ìtìjú gbáà ni ìyẹn jẹ́ fún un. Ó yí padà, ó ń lọ. Ọkùnrin náà fi jíìpù sílẹ̀ láàárín títì pẹ̀lú ilẹ̀kùn ṣíṣí, ó ń bá a rìn lẹ́yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú aṣọ funfun tó ti di pupa, àwọn ọlọ́kọ̀ ń fun fèrè, kò wẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni màmá ṣe dé ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní kó máa lọ sílé.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí ni àbúrò mi ti wá gbé e lọ. Mo sùn dáadáa fún àárọ̀ mélòó kan, n kò wo aago, n kò gbóòórùn ẹja. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù rẹ̀, kì í gbé e. Tó bá padà pè mí, á ní òun lọ kí lágbájá ni, òun lọ wo ẹni tó bímọ, òun fẹsẹ̀ lọ, òun fẹsẹ̀ bọ̀. Mo máa ń jágbe mọ́ ọn pé kó máa gbé fóònù dání, á ní òun ti gbọ́, kò sì ní gbé e dání. Gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn tí mò ń ṣe wàrà wàrà mọ́ ọn létí odò, tí mò ń bá ìkíni jà, tí mò ń bá ọlọ́kọ̀ jà, n kò rò ó rí pé ibi tí mò ń kánjú lé e lọ yẹn, èmi kò sí níbẹ̀. Inú ṣì ń bí mi títí dòní, ọ̀rẹ́ mi, n kò sì mọ ẹni tí mo fẹ́ bínú sí.