Ẹni Tó Ń Bá Mi Gbọ́

Ẹ má bi mí léèrè ìdí tí mo fi máa ń wo ẹnu èèyàn tí wọ́n bá ń bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn kan rò pé àrífín ni, ọkùnrin kan tilẹ̀ rò pé mo ń fẹ́ òun. Etí mi ló di. Ibà líle kan ló gbà á lọ́wọ́ mi nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì ní Ìkéré, lásìkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó. Mo ṣì ń gbọ́ ààrá. Mo ń gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì bí mo bá sún mọ́ ọn. Ohùn èèyàn ló wá dà bí ariwo òjò lórí páànù.

Ẹnu mi ò kú ṣá o, ìyẹn gan-an ló sì dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ geerege, ta ló máa gbà pé kò gbọ́ nǹkan kan? Tí tíṣà bá ní ká wí tẹ̀lé òun, gbogbo kíláàsì á ké e pọ̀, èmi náà á máa wo ẹnu wọn, n óò sì máa ké. Ohùn tèmi ló tilẹ̀ máa ń ròkè jù, torí pé mi ò mọ bó ṣe ń lọ sókè tó.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ àgbẹ̀ oníkòkó tí ilé wọn kọjú sí tiwa. Orí bẹ́ńṣì kan náà la jọ ń jókòó. Tí tíṣà bá pe orúkọ mi, á fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì, èmi á sì fò dìde: “Prẹ́sẹ́ńtì, mà!” Tí wọ́n bá ní ká ṣíwèé, á ti ṣí tèmi kó tó ṣí tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Àwa méjèèjì ò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí.

Ọjọ́ tí kò bá wá ni mo máa ń jẹ ẹgba. Ibà sì ń ṣe é léraléra, nítorí náà mo jẹ ẹgba dáadáa. Tíṣà á pè mí títí, n óò máa wo pátákó, á ní mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá mi, tó ń ránṣọ níwájú ilé wa, rí ojú ẹgba lẹ́yìn mi nígbà tó ń wẹ̀ fún mi, ó sì gbé e gbóná. Ó fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó di ilé-ìwé.

Obìnrin ni ọ̀gá ilé-ìwé wa. Ìjọ kan náà lòun àti ìyá mi ń lọ, ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan náà ni wọ́n sì wà. Ìyá mi ní kí wọ́n gbé mi síwájú kí n lè máa rí ẹnu tíṣà, kí wọ́n má nà mí mọ́, kí wọ́n sì wá tíṣà tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú mi. Ọ̀gá ní, “Ìyá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín gbọ́ ju èmi gan-an lọ. Agídí ló ń ṣe é. Ẹ̀yin lẹ kẹ́ ẹ bà jẹ́.” Háà! Nígbà tí inú bá ń bí ìyá mi, Yorùbá ṣọ́ọ̀ṣì a sá kúrò lẹ́nu rẹ̀, ilé a di ulé, iṣu a di uṣu. Lọ́jọ́ náà, kò sí èyí tí kò fi ohùn Ìkéré sọ. Àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì dúró wòran.

Àwọn àgbà obìnrin ìjọ ló kọ́kọ́ dá sí i. Wọ́n pe ìyá mi àti ọ̀gá lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní ṣé ó dáa kí àwọn tó jọ ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa máa jà báyìí? Wọ́n mú wọn di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n gbàdúrà, wọ́n pín bisikíìtì. Wọ́n wá ní kí n kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀gá. Èmi! Mo kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan nípa etí mi. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ọ̀rẹ́ mi ò wá, wọ́n tún nà mí.

Ni ìyá mi bá wọ mọ́tò, ó di Adó, ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ tí ẹrù tí wọ́n kó láti Àkúrẹ́ ṣì wà nínú páálí. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí wọ́n fi rán ìsípẹ́kítọ̀ kan wá, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń lo awò ojú. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, díẹ̀ ni mo fojú rí níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ló sọ ìyókù fún mi.

Ìsípẹ́kítọ̀ ní kí gbogbo wa kọjú sí pátákó. Ó gba rẹ́jísítà, ó lọ dúró lẹ́yìn wa pátápátá, ó ń pe orúkọ. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀gá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn ò wo ara wọn. Láàárọ̀ yẹn, bí ìyá mi ti ń wọ yúnífọ́ọ̀mù fún mi, ó di àgbọ̀n mi mú kí n lè rí ẹnu rẹ̀: “Èyí tí o bá gbọ́, dáhùn. Èyí tí o ò bá gbọ́, dákẹ́.”

Ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi tẹ ẹsẹ̀ mi.

Ẹ gbà mí! Mi ò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Bí mo bá dáhùn, ìyá mi di òpùrọ́ lójú gbogbo wọn, wọ́n á sì máa nà mí lọ. Bí mo bá dákẹ́, ọ̀rẹ́ mi á rò pé mo ti kọ òun sílẹ̀. Mo dákẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Mo di etí bẹ́ńṣì mú. Nígbà tó yá, ó ta mí nípàá, tábìlì mì, pẹ́ńsù bọ́ sílẹ̀, omi sì ti lé ròrò sí i lójú. Kí n tó mọ̀, ìsípẹ́kítọ̀ ti dúró lórí wa.

Ó ní kó dìde. “Kí lò ń fi ẹsẹ̀ ṣe lábẹ́ tábìlì?”

Ọ̀rẹ́ mi ní, “Mò ń bá a gbọ́ ni, sà.”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìsípẹ́kítọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ló ti parí ẹjọ́: wọn ò gbọdọ̀ nà mí mọ́ nítorí pé mi ò dáhùn, wọ́n á sì gbé mi síwájú. Ní ti tíṣà tó mọ iṣẹ́ náà, ó ní kí ìyá mi ṣe sùúrù, ìpínlẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó wá ní kí wọ́n gbé ọ̀rẹ́ mi lọ sẹ́yìn, torí pé ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tó ń ṣe mí. Òótọ́ ló sọ. Ìyá mi kúnlẹ̀ dúpẹ́ nínú eruku ṣọ́ọ̀kì, òun àti ọ̀gá sì dì mọ́ ara wọn. Èmi ń wo bí ọ̀rẹ́ mi ṣe ń kó ìwé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà níwájú fún yín: ẹ̀yìn tíṣà ni. Pátákó ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò nà mí mọ́, lóòótọ́, àmọ́ kò bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́. Bó bá kan orúkọ mi, á wò mí fìrí, á fi bírò sàmì sí i, á kọjá. Mo jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí wọn ò gbé oúnjẹ fún. Inú bí mi débi pé mo ń fi pẹ́ńsù gún tábìlì.

Ọ̀rẹ́ mi ò sinmi o. Ó ń kó hóró àgbàdo sápò wá láti ilé. Bí wọ́n bá ní ká dìde, hóró kan á bà mí lẹ́yìn. Bí wọ́n bá ní ká ṣíwèé, méjì. Ayé mi tún dùn díẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, hóró kan bà mí, mo bá àwọn yòókù dìde, ṣùgbọ́n hóró náà ta kúrò lára mi, ó bọ́ sórí tábìlì tíṣà. Tíṣà mú un, ó wò ó, ó fọwọ́ sọ fún wa pé ká jókòó, ká kọjú síwájú. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sẹ́yìn. Mo kọjú síwájú. Mo ka ohun tó wà lójú pátákó, mo tún un kà. Ara àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, mo sì gbé imú mi sókè.

Nígbà tá à ń lọ sílé, ọ̀rẹ́ mi ò di ọwọ́ mi mú. Mo fà á, ó yára yọ ọ́. Mo fipá la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wú, ó pọ́n, ibì kan ti bó.

“Wọ́n nà ọ́? Nígbà wo? Níbo ni mo wà?”

Ó wò mí. Ó rọra la ẹnu rẹ̀ dáadáa kí n lè rí i.

“Iwájú lo wà. Mò ń pariwo orúkọ rẹ.”