Omi Àlùwàlá Mùsílíù

Mi ò fẹ́ràn ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sì ní fi bò. Mùsílíù ni orúkọ rẹ̀, ó ń ta lọ́fínńdà ní Táíwò Road, gbogbo àdúgbò Gàmbàrí ló sì ń pè é ní ọkùnrin tó mọ́ jù láàárín wọn. Ìmọ́tótó kọ́ o. Wáswáàsì ni, iyèméjì tí kì í tán. Bó bá ṣe àlùwàlá tán, ọkàn rẹ̀ á ní omi kò kan ìgúnpá kan, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọwọ́. Bó bá fọ ẹsẹ̀ tán, á ní omi ilẹ̀ ta sí òun lára, á tún padà sídìí fífọ ẹnu.

Ta ló ń pọn omi náà? Salimat ni, ẹ̀gbọ́n mi. Omi ẹ̀rọ kì í yọ ní agboolé wọn, kànga ló wà níwájú ilé. Salimat á fa omi, á rọ ọ́ sínú bùtà, á tún lọ fa òmíràn nígbà tí olúwa rẹ̀ bá ní kò tíì dá òun lójú. Èmi Hidayat, ọmọ ìyá rẹ̀, ni mo ń sọ èyí. Bí inú bá ń bí mi, ẹ jẹ́ kó máa bí mi.

Ẹgbẹ́ wa níbi ìkéwú máa ń pàgọ́ lẹ́yìn Òkè Sóbì lásìkò ọyẹ́. Wọ́n á gun òkè, wọ́n á kéwú, wọ́n á sùn sábẹ́ tapólì. Ọkùnrin nìkan ló ń lọ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní obìnrin ò lè gbé níbi tí omi ò ti sí, pé èérí á pa wọ́n. Salimat ló tẹnu mọ́ ọn títí Àáfà Abdulmateen, ámírì tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́, fi gbà. Ṣùgbọ́n ámírì là á mọ́lẹ̀: bí ìdọ̀tí tàbí àìsàn bá wọ àgọ́, obìnrin kankan ò ní bá wọn lọ mọ́. Ó wá fa ìmọ́tótó àgọ́ lé Salimat lọ́wọ́.

Ẹ ò rí iṣẹ́! Ó ní kí wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá sí ìsàlẹ̀, kó jìnnà síbi tí a ti ń dáná, ó sì gbé eérú síbẹ̀ kí ẹni tó bá ṣe tán bù ú dà sí i. Ó ki ọṣẹ bọ inú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́, ó so ó kọ́ igi kó má baà já sínú erùpẹ̀. Nírọ̀lẹ́, a ó rẹ aṣọ sínú omi díẹ̀, a ó fi nu abíyá àti ẹsẹ̀. Inú kẹ́ẹ̀gì la kó omi wá: funfun fún mímu, yẹ́lò fún ọwọ́ fífọ̀. Ní ti àlùwàlá, táyámọ́mù ni. Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún ẹni tí omi rẹ̀ kò tó pé kó fi ọwọ́ lu erùpẹ̀ mímọ́, kó fi pa ojú àti ọwọ́. Ámírì fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe é níwájú wa. Eruku ọyẹ́ kùn wá lára bí iyẹ̀fun ṣe ń kun àwọn tó ń lọ ọkà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tínú run.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gun òkè, wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà kalẹ̀ nínú tíréè, ọwọ́ la ó fi jẹ ẹ́. Salimat gbé kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò kó bu omi sí wa lọ́wọ́. Kò sí ẹ̀kán kan níbẹ̀.

Ojú ámírì yí padà. "Salimat, ṣé ohun tí mo sọ kọ́ nìyí? Obìnrin ò mọ omi í ṣọ́. Ìgbà ìkẹyìn yín nìyí."

Mùsílíù, tóun náà wà lẹ́gbẹ́, jókòó ti ámírì, ó ń yí tẹ̀sùbáà, ó ń wo tíréè. Mo ti la ẹnu, ṣùgbọ́n Salimat fi ọwọ́ dá mi dúró. Ó wo ọkọ rẹ̀ títí, bóyá á sọ̀rọ̀.

"Ámírì," ló wí, "ẹ má bi ẹnì kankan léèrè. Ẹ kàn wo gbogbo wa. Ẹni tó bá mọ́ jù nínú wa ló lo omi yẹn."

Gbogbo ojú yí sí Mùsílíù. Irùngbọ̀n rẹ̀ ń dán, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ bíi ti ẹni tó ń lọ sí yìdí, etí ṣòkòtò rẹ̀ ṣì tutù.

"Ní àsùbáà ni," ló ń kùn. "Ọkàn mi ò balẹ̀ sí erùpẹ̀."

"Ohun tí Ọlọ́hun fún ẹ ò tó ẹ?" ni ámírì wí. "Àwọn èèyàn á wá fi ọwọ́ ṣáláńgá jẹun nítorí ọkàn ẹ? Ó yá, lu erùpẹ̀!"

Ó lù ú, ó pa ojú. Ó wo àtẹ́lẹwọ́, ó tún lù ú, ó tún wò ó. Títí tó fi ṣe tán, òun náà ti funfun bí gbogbo wa. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ìhà ń dùn mí. Salimat bu díẹ̀ nínú omi mímu sínú bùtà, ó sì dà á sí wa lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ọkọ rẹ̀. Ámírì ní obìnrin ni kó máa ṣọ́ omi àgọ́ láti ìsinsìnyí lọ.

Nígbà tí Salimat àti ọkọ rẹ̀ délé, Mùsílíù ní, "O dójú tì mí láwùjọ. O ò ní dé àgọ́ kankan mọ́ níwọ̀n ìgbà tóo bá wà nílé mi." Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Èmi yìí kúnlẹ̀, mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é nítorí Ọlọ́hun." Kò wojú mi. Ẹsẹ̀ ló ń fọ̀.

Ọyẹ́ ti tún dé. Àwọn obìnrin kún inú bọ́ọ̀sì, ọṣẹ inú ìbọ̀sẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, a gba iwájú agboolé wọn kọjá. Salimat wà lẹ́nu kànga. Ó ju ọwọ́ kan sí wa, kíá ló tún fi di okùn mú, nítorí Mùsílíù jókòó sórí àpótí nítòsí rẹ̀, ó na bùtà sí i.